Orin Tó Ń Dún Lórí Fóònù Tí Rédíò Mọ́tò Ò Gbé

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn ní Òṣogbo, pàápàá àwọn awakọ̀ kóròpe àti àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ orin lọ sóde àríyá: "Orin yìí ń dún dáadáa lórí fóònù mi, kí ló dé tí rédíò mọ́tò ò gbé e?" Àwọn mìíràn á ní owó gidi làwọn ń san lóṣooṣù kí àwọn tó gbọ́ orin tàwọn, síbẹ̀ àwọn ò rí i dà sórí fláàṣì. Èsì tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé fláàṣì ti bàjẹ́, tàbí pé rédíò ti gbó. Wọ́n á lọ ra fláàṣì tuntun, orin ò ní dún náà ni, owó á sì ti lọ.

Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sábà máa ń fà á. Èkíní ni irú fáìlì tí orin náà jẹ́. Èkejì ni àgádágodo tí ẹni tó gbé orin náà jáde fi tì í. Ẹ̀kẹta ni bí wọ́n ṣe ṣètò fláàṣì tàbí mẹ́mórì tí orin wà lórí rẹ̀. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé rédíò kì í sọ èwo ló ṣe òun nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Á kàn dákẹ́, tàbí kó kọ ERROR sójú. Àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì yàtọ̀ síra pátápátá, èyí tó bá yanjú ọ̀kan ò ní ran èkejì.

Ohun tó wà nínú fáìlì orin

Ẹ jẹ́ ká ti orí síídì bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fi ń wọn àwọn tó kù. Ọdún 1982 ni Sony àti Philips gbé síídì jáde sọ́jà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹ̀rọ á wọn ìró orin nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, á sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀ ní nọ́ńbà, ti etí ọ̀tún lọ́tọ̀, ti etí òsì lọ́tọ̀. Nọ́ńbà yẹn pọ̀ jọjọ. Orin oníṣẹ́jú mẹ́rin péré á gba nǹkan bíi 42 MB. Ẹ wá ro ti fújì wò, níbi tí ojú kan kásẹ́ẹ̀tì ti lè lọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdánu dúró: ojú kan yẹn nìkan ti lé ní 300 MB. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì WAV tí àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ní stúdíò máa ń lò. Gbogbo nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yọ ọ̀kan kúrò.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń wọ́ nílẹ̀, ta ló fẹ́ fi í gba 300 MB? Àwọn onímọ̀ kan ní ilé-ìwádìí Fraunhofer lórílẹ̀-èdè Jámánì ló wà lára àwọn tó wá ojútùú sí i, Karlheinz Brandenburg sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Wọ́n wo bí etí ọmọ èèyàn ṣe ń gbọ́ ìró. Tí ìlù ńlá bá dún gbàmù, àwọn ìró tín-ínrín tó sún mọ́ ọn lásìkò kan náà kì í ráyè wọ etí wa, ìlù náà ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí etí ò sì ní gbọ́ wọn, kí la fẹ́ tọ́jú wọn fún? Àwọn ìró bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ láti máa yọ dànù, kó sì fún ìyókù pọ̀. Ohun tó di MP3 nìyẹn. Ọdún 1995 ni wọ́n fẹnu kò sí .mp3 tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn orúkọ fáìlì. Orin tó gba 42 MB lórí síídì lè wá di nǹkan bíi 4 MB.

Bí wọ́n ṣe fún un pọ̀ tó ni nọ́ńbà kbps ń sọ fún yín: 128, 192, 256, 320. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni wọ́n ṣe yọ nǹkan dànù tó. Ní 128, ìṣẹ́jú kan orin á gba nǹkan bíi 1 MB. Ní 320, á gba 2.4 MB. Èrò tèmi ni pé 128 tó fún kóròpe tó ń sáré láàárín ariwo fèrè ọkọ̀ ní Ọláìyá, kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ńlá òde ìnáwó ni, ẹ má ṣe lo ohun tó kéré sí 256. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí fáìlì tí wọ́n fún jù. Ìró rẹ̀ kì í já mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, á kàn máa sín fàáà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti kíyè sára, torí pé wọ́n ń fi gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ohun tí MP3 bá ti yọ dànù ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá gba orin 128 lọ́wọ́ yín tó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di 320 kó lè "mọ́" sí i kò fi nǹkan kan kún un, fáìlì yín ló kàn mú tóbi. Kódà, bí ẹ bá ṣe ń yí orin láti irú fáìlì kan tó ń yọ nǹkan dànù sí òmíràn tó ń yọ nǹkan dànù, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa burú díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó mọ́ sí i, ẹ padà sídìí síídì tàbí sọ́dọ̀ ẹni tó gbé orin náà jáde.

MP3 nìkan kọ́ ló wà. AAC wà, òun ni fáìlì tí .m4a sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, Apple ló sì jẹ́ kó tàn kálẹ̀. WMA jẹ́ ti Microsoft. Ogg Vorbis ni Spotify ń lò gan-an. Opus jáde ní 2012, òun ni WhatsApp fi ń gbé ohùn tí a bá fi ránṣẹ́. FLAC, tó ti wà láti 2001, yàtọ̀ sí gbogbo wọn: ó ń fún fáìlì pọ̀, àmọ́ kì í yọ ohunkóhun dànù. Tí ẹ bá tú u, gbogbo ohun tó wà lórí síídì lẹ máa bá níbẹ̀, fáìlì á sì jẹ́ nǹkan bí ìdajì tàbí kó lé díẹ̀. Apple náà ní irú tirẹ̀ tó ń jẹ́ ALAC.

Èwo ni ẹ̀rọ wo ń gbé? MP3 ni ẹ̀rọ tó pọ̀ jù lọ mọ̀. Ó ti pẹ́ nílẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2017 sì ni àwọn tó ni ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ dáwọ́ owó ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ dúró, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń sá fún un. Fóònù àti kọ̀ǹpútà òde òní ń gbé M4A láìsí wàhálà. Fóònù Android tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ń gbé FLAC, iPhone náà sì ti ń gbé e láti 2017. Ibi tí wàhálà pọ̀ sí ni rédíò mọ́tò, home theatre àti ẹ̀rọ àwọn DJ.

Ẹ wo iwájú rédíò mọ́tò yín. Púpọ̀ nínú àwọn tòkúnbọ̀ ló kọ MP3/WMA sójú fúnra wọn, àwa la kì í kà á. Méjì yẹn ni wọ́n kọ́ ọ. Awakọ̀ kan gbé fláàṣì wá sọ́dọ̀ wa ní Òkè-Fìà, inú ń bí i, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó, orin igba ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan ò dún." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a da àwọn síídì rẹ̀ àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú iTunes, ìyẹn áàpù orin ti Apple. iTunes sì rèé, tí ẹ ò bá sọ fún un pé MP3 lẹ fẹ́, AAC ló máa ṣe fún yín. M4A ló wà lórí fláàṣì láti òkè dé ìsàlẹ̀, rédíò ò sì rí ọ̀kan tó mọ̀ níbẹ̀. Ó ti fúnra rẹ̀ pààrọ̀ orúkọ mélòó kan, ó pa .m4a rẹ́, ó kọ .mp3 dípò. Ìyẹn ò lè ràn án. Orúkọ tó wà lẹ́yìn fáìlì kì í yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà. Áàpù tó máa tú u, tó sì máa tún un kó ní MP3, ló nílò. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn síídì náà ṣì wà nílé, a ní kó jẹ́ kí wọ́n tún un dà látorí síídì, torí èyí dára ju kí á máa ti M4A bọ́ sí MP3 lọ.

Àwọn kan náà sì wà tí fídíò MP4 ló kún orí fláàṣì wọn. Rédíò tí kò ní ojú tẹlifíṣọ̀n kì í sábà gbé ìyẹn. Ohùn inú rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n yọ síta.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ohùn WhatsApp. Obìnrin kan wá bá wa nígbà tí ìsìnkú bàbá wọn ku ọ̀la, ní àdúgbò Òkè-Baálẹ̀. Ìyá àgbà wọn tí ara rẹ̀ ò gbé ìrìn mọ́ ti jókòó sílé ní Ìkìrun, ó ki oríkì bàbá náà látòkè délẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì fi WhatsApp gbé e ránṣẹ́. Wọ́n dà á sórí fláàṣì fún DJ, ẹ̀rọ rẹ̀ ò rí nǹkan kan.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ohùn Màmá wa ni o. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́."

Mo ṣí fláàṣì náà lórí kọ̀ǹpútà. Fáìlì náà wà níbẹ̀ rèǹtẹ̀rente, PTT ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, .opus ló sì parí rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò bàjẹ́. Ẹ̀rọ DJ ni kò mọ irú fáìlì tó jẹ́."

VLC, áàpù kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, la fi yí i sí MP3, kò sì pẹ́ rárá. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Media sí lókè, ẹ yan Convert / Save, ẹ mú fáìlì náà, ẹ yan MP3, ẹ fún un lórúkọ tuntun, ó tán. A lò ó ní 128, torí pé ohùn ẹnì kan tí fóònù gbà sílẹ̀ ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ èyí nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, tí wọ́n á sì pa á rẹ́ nítorí ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ó ti bàjẹ́.

Àgádágodo

Títí di ibi tí a dé yìí, gbogbo rẹ̀ ṣe é tún ṣe. Ọ̀rọ̀ àgádágodo yàtọ̀. DRM ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń pè é. Wọ́n á fi ìṣirò da nọ́ńbà inú orin rú títí kò fi ní nítumọ̀ sí ẹ̀rọ kankan, kọ́kọ́rọ́ tó máa tò ó padà á sì wà lọ́wọ́ áàpù ilé-iṣẹ́ náà nìkan. Ẹ lè gbé àpótí náà lọ síbi tó bá wù yín, orí fláàṣì, orí mẹ́mórì, orí kọ̀ǹpútà. Kọ́kọ́rọ́ ò bá a lọ. Ìdí nìyí tí fáìlì fi lè wà níbẹ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ pé, síbẹ̀ kó má dún. Iye ìgbà yòówù tí ẹ bá gbìyànjú láti yí i sí MP3, kò ní ṣeé ṣe, torí pé áàpù tó fẹ́ yí i padà gan-an kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, Apple ṣí ilé ìtajà orin rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni orin sì sọ pé àwọn ò ní jẹ́ kó tà á láìtì í. Orin tí èèyàn bá rà níbẹ̀ nígbà náà, .m4p ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀, iPod, ẹ̀rọ orin Apple, àti iTunes ló sì ń ṣí i. Microsoft ṣe tirẹ̀ náà. Ní 2004, ó gbé àmì kan jáde tó pè ní PlaysForSure, pé ẹ̀rọ tó bá ní àmì náà á gbé orin tí ilé ìtajà tó ní àmì náà bá tà. Nígbà tó di 2006, Microsoft kan náà gbé ẹ̀rọ orin tó ń jẹ́ Zune jáde, Zune ò sì gbé orin PlaysForSure. Ẹni tó ti ná owó rẹ̀ ló jìyà rẹ̀.

Èyí tó tún le jù ni ti MSN Music, ilé ìtajà orin Microsoft. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ilé ìtajà náà pa, wọ́n kéde ní 2008 pé láti ìparí oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn ò ní máa fún kọ̀ǹpútà tuntun ní kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí kọ̀ǹpútà tí orin yín wà lórí rẹ̀ bá kú, orin tí ẹ fi owó yín rà ti bá a kú nìyẹn. Àwọn èèyàn pariwo, ilé-iṣẹ́ náà sì sún ọjọ́ náà síwájú di ìparí 2011. Ti Sony BMG, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, náà wà, ní 2005. Wọ́n fi ètò kan pamọ́ sínú àwọn síídì kan. Bí èèyàn bá ti fi síídì náà sínú kọ̀ǹpútà, ètò náà á wọlé sínú rẹ̀, á fara pamọ́, á sì ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò kọ̀ǹpútà láti gbabẹ̀ wọlé. Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́, wọ́n sì kó àwọn síídì náà kúrò lọ́jà.

Ẹ wo àwọn tí gbogbo èyí bá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jí orin. Àwọn tó sanwó ni. Ẹni tó gba orin lọ́nà ẹ̀yìn ní tirẹ̀ ti ní MP3 tí kò ní àgádágodo kankan, tó ń dún níbi gbogbo. Mo gbà pé ó yẹ kí olórin jẹun lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa sanwó fún un. Àmọ́ àgádágodo tí wọ́n fi ti orin títà nígbà yẹn, oníbàárà tó ń ṣòótọ́ ló fìyà jẹ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà rí i nígbẹ̀yìn. Ní oṣù kejì ọdún 2007, Steve Jobs, ọ̀gá Apple nígbà náà, kọ lẹ́tà sí gbogbo ayé pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ta orin láìtì í. EMI ló kọ́kọ́ gbà nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, lọ́dún yẹn kan náà. Ní oṣù kẹsàn-án, Amazon bẹ̀rẹ̀ sí ta MP3 tí kò ní àgádágodo, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2009, Apple kéde pé òun máa ṣí gbogbo orin tí òun ń tà. Nítorí náà, orin tí ẹ bá rà lónìí, tí ẹ fi owó ra ẹyọ kan tàbí àwo kan pátá, kì í sábà ní àgádágodo mọ́. Ẹ lè dà á síbi tó bá wù yín.

Àgádágodo ṣì wà nínú orin tí a yá. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa wà báyìí. Apple Music wọ Nàìjíríà ní 2015, Spotify dé ní oṣù kejì ọdún 2021, Boomplay, Audiomack àti YouTube Music sì wà ńlẹ̀. Owó tí ẹ ń san lóṣooṣù fún wọn kì í ṣe owó tí ẹ fi ra orin. Owó àyè láti gbọ́ ọ ni. Nígbà tí áàpù bá ní ẹ lè dáńlóòdù orin kí ẹ lè máa gbọ́ ọ láìlo dátà, inú áàpù náà ló ń gbé e sí, ní títì pa. Spotify ń fẹ́ kí fóònù yín wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín 30 ọjọ́, kó lè wò ó bóyá ẹ ṣì ń sanwó. Bí ẹ bá dáwọ́ owó dúró, àwọn orin tí ẹ ti dáńlóòdù á kọ̀, wọn ò ní dún láìsí dátà mọ́. Bí àdéhùn áàpù àti ilé-iṣẹ́ tó ni orin náà bá sì tú ká, orin lè pòórá lórí áàpù nígbà tí ẹ̀yin ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Mi ò sọ pé kí ẹ má lò wọ́n. Fún ẹni tó fẹ́ máa gbọ́ orin tuntun tó ń jáde lójoojúmọ́, owó tí wọ́n ń gbà ò pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń fúnni. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn orin tí ẹ fẹ́ kí ọmọ yín bá nílé, ẹ má fi sọ́wọ́ áàpù nìkan. Ẹ rà á. Bandcamp ń ta orin ní MP3 àti FLAC láìsí àgádágodo, apá tó pọ̀ nínú owó náà sì ń dé ọ̀dọ̀ olórin fúnra rẹ̀. Àwọn olórin wa kan náà máa ń ta síídì àti fláàṣì tiwọn lóde àríyá, ẹ bi wọ́n.

Èwo wá ni ti àwọn áàpù tó ń pariwo pé àwọn lè já àgádágodo Spotify tàbí ti Apple Music? Ẹ yàgò fún wọn. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023, sọ ọ́ kedere pé jíjá irú ìdáàbòbò bẹ́ẹ̀ lòdì sófin. Yàtọ̀ sí òfin, àwọn áàpù bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń kó kòkòrò wọ fóònù.

Ọ̀nà tó rọrùn tó sì bófin mu wà, Bluetooth ni. Púpọ̀ èèyàn ò mọ ìdí tí orin Spotify fi ń dún lórí sípíkà Bluetooth nígbà tí kò ṣe é dà sórí fláàṣì. Fóònù yín ló ń ṣiṣẹ́ náà. Òun ló ní áàpù, òun ló ní kọ́kọ́rọ́, òun ló ń ṣí orin náà tó sì ń tò ó. Ìró tó ti tò tán ló wá ń kó sójú afẹ́fẹ́ lọ sínú sípíkà, ní irú kan tí gbogbo sípíkà Bluetooth mọ̀. Sípíkà ò mọ̀ bóyá M4A ni tàbí FLAC, kò sì kàn án. Okùn AUX náà bẹ́ẹ̀. Tí rédíò mọ́tò yín bá ti pẹ́ débi pé kò ní Bluetooth tàbí ojú AUX, ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́jà tí wọ́n ń kì bọ ojú iná tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú mọ́tò. Á gba orin láti orí fóònù, á sì gbé e sórí FM kan tí ẹ bá yàn. Ẹ yan ibi tí ilé-iṣẹ́ rédíò kankan ò sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ ìròyìn pọ̀ mọ́ orin.

Nígbà tó bá jẹ́ fláàṣì ló fà á

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ojú fláàṣì kí fáìlì tó lè jókòó sórí rẹ̀ pọ̀. FAT32 ni èyí tí ọ̀pọ̀ rédíò àtijọ́ mọ̀. Àwọn fláàṣì àti mẹ́mórì tó jẹ́ 64 GB sókè sábà máa ń wá pẹ̀lú exFAT, àwọn kan sì ti gba ọwọ́ kọ̀ǹpútà di NTFS. Rédíò tí kò bá mọ̀ wọ́n á sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ MP3 ló kún un. Fún mọ́tò, 16 tàbí 32 GB tó. Ní 128 kbps, 16 GB á gba orin oníṣẹ́jú mẹ́rin tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Taa ló máa gbọ́ ọ tán láàárín Òṣogbo sí Ìbàdàn?

Tí ẹ bá fẹ́ yí i sí FAT32, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ síbòmíràn, torí pé fífọ́máàtì á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ má sì fún fáìlì lórúkọ tó gùn jù. Àwọn àmì ohùn orí Yorùbá wa tí mo fẹ́ràn gan-an yìí, rédíò mọ́tò àtijọ́ kì í mọ̀ wọ́n kà, á fi àpótí kéékèèké dípò wọn. Ìyẹn ò ní kí orin má dún o, orúkọ rẹ̀ ni kò ní ṣe é kà.

Síídì náà ní tirẹ̀. Síídì tí wọ́n da fáìlì MP3 sí kò ní dún nínú ẹ̀rọ síídì àtijọ́ tí kò ní àmì MP3 lára. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, síídì orin gidi nìkan ló ń gbé, èyí tí kò lè gbà ju 80 ìṣẹ́jú lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì tó ṣì wà nílé

Nítorí gbogbo èyí ni mo fi ń rọ àwọn tó ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nílé, àpàlà, sákárà, wákà, ìwàásù, ohùn àwọn òbí wọn níbi ìgbéyàwó, pé kí wọ́n ronú nípa irú fáìlì kí wọ́n tó gbé e fún ẹnikẹ́ni láti bá wọn dà sórí mẹ́mórì. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe fún wọn ni MP3 128, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á sì da kásẹ́ẹ̀tì nù. Ẹ má gbà fún wọn. Kásẹ́ẹ̀tì náà ń gbó lọ, ọ̀rá ojú rẹ̀ ń ṣí, ó lè jẹ́ pé èyí ni ìgbà ìkẹyìn tó máa dún dáadáa.

Ẹ so ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú okùn, láti ojú tí orin ti ń jáde nínú rẹ̀ sí ojú tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ohùn. Audacity, áàpù kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á gbà á sílẹ̀. Ẹ wo àmì ìró tó ń lọ sókè sódò lójú rẹ̀, kó má ṣe kan pupa, torí ibi tó bá kan pupa á fọ́, kò sì ní ṣe é tún ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 60 á jẹ́ nǹkan bíi 635 MB ní WAV. Ẹ fi pamọ́ ní FLAC, á wálẹ̀ gan-an, ohunkóhun ò sì ní sọnù nínú rẹ̀. Láti ara FLAC yẹn ni kí ẹ ti máa ṣe MP3 fún fóònù, fún mọ́tò, fún àwọn ẹbí tó wà lókè òkun. Bí irú fáìlì mìíràn bá jáde lọ́jọ́ iwájú, ẹ ṣì lè ti ara FLAC kan náà ṣe é.

Ẹ kọ orúkọ olórin, ọdún tí ẹ bá mọ̀, àti ojú A tàbí B sí orúkọ fáìlì náà. Ẹ jẹ́ kó wà ní ibi méjì, ó kéré tán, ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí ẹ̀rọ ìpamọ́ tó wà nílé ẹlòmíràn nínú ẹbí.